Sílóò Passat 1.8T mi ga jù, ó sì ń súfèé: ibo ni atẹ́gùn ń gbà wọlé?

ỌmọMọ́kọlá
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa. Mọ́tò mi ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Passat 2003 ni, ẹ́ńjìnì 1.8T olótọ́bò (tọ́bò ni ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnì), gíà ọ̀tọ́mátíìkì. Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni sílóò rẹ̀ (bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí tí n kò bá tẹ iná) ti ga. Tí mo bá tàn án láàárọ̀, abẹ́rẹ́ RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) á lọ dúró sí bíi 1,500. Mo mọ̀ pé ó yẹ kó wálẹ̀ tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná, ṣùgbọ́n kì í wálẹ̀. Bí mo bá wà ní D nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ńṣe ló ń tì mí síwájú, bíréèkì ni mo fi ń dì í mú. Ohùn súfèé kan tún wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ń kò gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tọ́bò ṣì ń wọlé, àmọ́ agbára rẹ̀ ti dín. Iná check engine tàn, wọ́n fi ẹ̀rọ kà á, P0171 àti P0507 ló jáde. Mẹkáníìkì ní kí n ra tọ́tù bọ́dì tókúnbọ̀, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tó ń ṣí tó sì ń dé fún atẹ́gùn ẹ́ńjìnì. Rẹwáyà ní sẹ́ńsọ̀ airflow, èyí tó ń ka atẹ́gùn tó ń wọlé, ló kú. Owó méjèèjì kì í ṣe kékeré. Kí n tó náwó, ta ló ti rí irú èyí rí?

Akẹ́kọ̀ọ́Ẹ̀rọ
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú tọ́tù bọ́dì yẹn kí wọ́n fọ̀ ọ́. Corolla bàbá mi ṣe bẹ́ẹ̀ rí, bí wọ́n ṣe fọ̀ ọ́ tán ló rọlẹ̀. Kì í pẹ́, kì í sì í náni ní nǹkan púpọ̀.

Bàbá_Gíà
Má ì ra nǹkan kan, ọmọ mi. Má sì jẹ́ kí wọ́n tú nǹkan kan kó o tó gbọ́ tán.

Kóòdù méjèèjì yẹn, àpapọ̀ ni kó o fi wò wọ́n. P0171 ń sọ pé atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnì pọ̀ ju èyí tí epo tí bíréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì) ń fún un lè bá dọ́gba. P0507 ń sọ pé sílóò ga ju iye tí bíréènì pa láṣẹ. Atẹ́gùn kan ń wọlé tí a ò kà, ohun tí wọ́n jọ ń wí nìyẹn. Tọ́tù bọ́dì tó dọ̀tí ò lè fa P0171 bẹ́ẹ̀, àfi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí rẹ̀ bá ti jẹ, nítorí gbogbo atẹ́gùn tó bá gba inú rẹ̀ kọjá ti kọ́kọ́ kọjá lára sẹ́ńsọ̀ airflow. Bíréènì ti kà á, ó sì ti fún un ní epo tirẹ̀. Ìdọ̀tí inú tọ́tù sábà máa ń fa sílóò wálẹ̀ ni, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, á fẹ́ kú tó o bá dúró.

Lórí ọkọ̀ olótọ́bò, ibi mẹ́ta ni atẹ́gùn lè gbà jò, ìwà wọn ò sì jọra rárá. Àkọ́kọ́ ni láti ẹnu sẹ́ńsọ̀ airflow dé ẹnu tọ́bò. Fífà ni tọ́bò ń fà níbẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí náà ihò ibẹ̀ á máa gba atẹ́gùn àìkà wọlé. Èkejì ni láti tọ́bò dé tọ́tù, pẹ̀lú intakúlà (èyí tó ń mú atẹ́gùn tọ́bò tutù) láàárín wọn. Nígbà sílóò, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí búùsìtì (atẹ́gùn tí tọ́bò fún pọ̀) bá dé ni ihò ibẹ̀ á máa tú atẹ́gùn tí a ti kà síta, epo á wá pọ̀ jù, èéfín dúdú á jáde, ọkọ̀ á wúwo. Ẹ̀kẹta ni láti tọ́tù dé tọ́ọ̀pù sìlíńdà: mánífóòdù (páìpù tó ń pín atẹ́gùn sí àwọn sìlíńdà) àti gbogbo rọ́bà kéékèèké tó so mọ́ ọn. Nígbà sílóò, ìfà ibẹ̀ lágbára gan-an. Ihò tí kò ju ẹnu bírò lọ lè gbé RPM sókè. Tó o bá wá tẹ iná, ihò yẹn kan náà á yí padà, á máa tú búùsìtì síta. Sílóò tìrẹ ga, agbára tún dín. Ibi kẹta yìí ni mo fura sí.

Èkó_Tọ́bò
Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo gba ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó fojú fo intakúlà. Lórí Passat yìí, igun iwájú lápá òsì, lẹ́yìn bọ́ńpà, ni wọ́n gbé e sí. Tọ́bò máa ń fẹ́ ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀ jáde, ọ́ìlì yẹn á jẹ́ kí rọ́bà ìsàlẹ̀ máa yọ̀ lórí ẹnu intakúlà títí yóò fi bọ́. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ sókè dáadáa, kí wọ́n fọwọ́ kan gbogbo ìsopọ̀. Ibi tí ọ́ìlì bá ti rin, tí eruku sì lẹ̀ mọ́ ọn, ibẹ̀ ló ń jò. Mo ti rí i lára ọ̀pọ̀ 1.8T ní Èkó níbí, agbára tó dín ló máa ń kọ́kọ́ hàn.

Bàbá_Gíà
Ó ń ṣẹlẹ̀, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n rọ́bà intakúlà tó ń jò kì í sábà kọ P0171 nígbà sílóò. P1297 ni Volkswagen máa ń kọ fún un, pé búùsìtì já láàárín tọ́bò àti tọ́tù. ỌmọMọ́kọlá, ṣé èéfín dúdú ń jáde?

ỌmọMọ́kọlá
Rárá, bàbá. Ẹnu ẹ̀gísọ́ọ̀sì mọ́, kò sí èéfín.

RẹwáyàMushin
Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó wọ inú rọ́bà, ẹ wo ìgbóná ẹ́ńjìnì. Ọ̀pọ̀ tókúnbọ̀ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa ni wọ́n ti yọ tamositáàtì rẹ̀ (fáàfù tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná) dànù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, ọkọ̀ ò nílò rẹ̀. Irọ́ gbáà ni. Tamositáàtì 1.8T máa ń ṣí ní bíi 87°C. Tí kò bá sí níbẹ̀, omi á máa yí gba inú rádíétọ̀ láti ìgbà tí o ti tan ọkọ̀, ẹ́ńjìnì ò ní gbóná tó, bíréènì á máa rò pé òwúrọ̀ kùtù ṣì ni, á gbé sílóò sókè.

Sẹ́ńsọ̀ ìgbóná omi tó bá kú náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí Volkswagen yìí, ẹ̀yà méjì ló wà nínú sẹ́ńsọ̀ kan: ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ fún gééjì dáṣíbọ́ọ̀dù, èkejì ń sọ̀rọ̀ fún bíréènì. Èkejì lè kú kí abẹ́rẹ́ gééjì ṣì dúró sí 90 láìmira. Ẹ fi ẹ̀rọ ka ohun tí bíréènì ń rí, ẹ má gbára lé gééjì.

ÌyáÌbejì_Ṣágámù
RẹwáyàMushin sọ òótọ́, àyẹ̀wò yẹn ò sì gba àkókò. Àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí pé tamositáàtì yíyọ ò lè mú P0171 wá. Tí ẹ́ńjìnì bá tutù, bíréènì á da epo sí i, epo á pọ̀ ni, kò ní kéré.

Àbúrò, ra ELM327, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí owó tọ́tù bọ́dì. Fi sí ihò OBD lábẹ́ sítíárìn, jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná, pa AC, kó o wá wo nǹkan wọ̀nyí: ìgbóná omi, airflow, àti fuel trim méjèèjì, short (ti ìsinsìnyí) àti long (èyí tí bíréènì ti kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́). Fuel trim ni ìdá ọgọ́rùn-ún epo tí bíréènì ń fi kún tàbí tí ó ń yọ kúrò kí iná inú ẹ́ńjìnì lè jó bó ṣe yẹ. Láàárín −5 sí +5, ọkàn rẹ balẹ̀. Tó bá ti kọjá +10, nǹkan wà níbẹ̀.

Kà á nígbà sílóò, kọ ọ́ sílẹ̀. Wá gbé RPM sí 2,500, jẹ́ kó dúró bíi ìṣẹ́jú kan, tún kà á. Tó bá ga nígbà sílóò, tó sì já wálẹ̀ ní 2,500, ihò ni. Nígbà sílóò, atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnì ń mí ò tó nǹkan, nítorí náà èyí tó ń gba ihò wọlé á kó ìpín ńlá nínú rẹ̀. Ní 2,500, atẹ́gùn tó ń gba tọ́tù ti di ìlọ́po, ti ihò ò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Tó bá dára nígbà sílóò àmọ́ tó ń ga sí i bó o ṣe ń tẹ iná, sẹ́ńsọ̀ airflow tó dọ̀tí, páńpù epo tàbí fílítà epo ni kó o lọ bá.

Ibí yìí ni mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Bàbá_Gíà. Ihò tó wà láàárín airflow àti ẹnu tọ́bò ń gba atẹ́gùn wọlé nígbà gbogbo lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà sílóò ìfà ibẹ̀ kéré gan-an. Ìgbà tí tọ́bò bá ń ṣiṣẹ́ ni yóò pọ̀. Fuel trim lè fi ìyàtọ̀ yẹn hàn ọ́ kó o tó tú ohunkóhun.

Bàbá_Gíà
Ó dáa bẹ́ẹ̀, Ìyá Ìbejì. Mo gbà.

ỌmọMọ́kọlá
Ẹ ṣé, mà. Mo ti rí ELM327 yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Ohun tí mo kà nìyí. Ìgbóná omi 89°C. Nígbà sílóò, long jẹ́ +21, short ń lọ ó ń bọ̀ yíká +4. Airflow jẹ́ giráàmù 2.1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, RPM sì wà ní 1,400. Ní 2,500, long já sí +5, short sí +1.

ÌyáÌbejì_Ṣágámù
Ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn. Tamositáàtì rẹ wà níbẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ airflow kọ́ ni, páńpù kọ́ ni. 1.8T tó wà ní sílóò tirẹ̀ gan-an, ní bíi 800, máa ń ka bíi 2 sí 4. Tìrẹ ń sáré ní 1,400, airflow sì ń sọ pé 2.1 péré lòun rí. Ìyókù atẹ́gùn yẹn ń gba ibòmíràn wọlé, lẹ́yìn tọ́tù.

Mọ èyí pẹ̀lú: tọ́tù ọkọ̀ yìí kò ní okùn, iná ló ń ṣí i. Bí ihò bá kéré, bíréènì á kàn pa tọ́tù dé díẹ̀ sí i, sílóò á dúró sípò rẹ̀, fuel trim nìkan ni yóò tú àṣírí. Tí sílóò bá ti wá ga bí tìrẹ, ihò náà ti ju ohun tí tọ́tù lè fi ara dé.

Èkó_Tọ́bò
Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kó fún carb cleaner (oògùn ìfọ ẹ̀rọ tó máa ń jó) yíká mánífóòdù nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Ibi tí RPM bá ti yí padà, ibẹ̀ ni.

Akẹ́kọ̀ọ́Ẹ̀rọ
Àwọn mẹkáníìkì àdúgbò wa máa ń fi abẹ́rẹ́ fún bẹntiróòlù sí i, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Bàbá_Gíà
Ẹ má ṣe é! Mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run. Ọkọ̀ olótọ́bò nìyí. Ilé tọ́bò àti mánífóòdù ẹ̀gísọ́ọ̀sì máa ń gbóná débi pé wọ́n lè pọ́n. Mo ti rí ọkọ̀ tó jóná ní ibùdó mẹkáníìkì nítorí bẹntiróòlù inú abẹ́rẹ́.

Èkó_Tọ́bò
Sà, tọ́bò Passat yìí wà ní apá ọ̀tún, mánífóòdù tó ń fa atẹ́gùn wà ní apá òsì. Wọn ò pàdé.

Bàbá_Gíà
Fáànù rádíétọ̀ ò mọ apá òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba gbogbo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru carb cleaner á sì bá a lọ. Kọ́ọ̀lì plọ́ọ̀gì náà wà lókè, ó lè ta iná. Omi ni kó lò, nínú ike ìfúnmi tí wọ́n fi ń fún aṣọ tí a bá ń lọ̀ ọ́. Kó fún un díẹ̀díẹ̀ sí ìdí rọ́bà àti gásíkẹ́ẹ̀tì, kó yẹra fún wáyà. Tí omi bá dí ihò, ohùn súfèé á yí padà, RPM á wálẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Kó tó ṣe ìyẹn pàápàá, kó fi pílíásì tó wé aṣọ mọ́ lẹ́nu rọra fún àwọn rọ́bà pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó ń lọ sí ìrànwọ́ bíréèkì, èyí tó ń lọ sí fáàfù ooru epo (tó ń fa ooru bẹntiróòlù láti tánkì wọ ẹ́ńjìnì), èyí tó ń lọ sí diverter valve (fáàfù tó ń dá búùsìtì padà sí ẹnu tọ́bò tí a bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná), àtàwọn rọ́bà tó ń fa ooru ọ́ìlì jáde nínú ẹ́ńjìnì. Èyí tó bá fún tí sílóò wálẹ̀, ojú ọ̀nà rẹ̀ ni kó tọ̀. Kó má fún rọ́bà tó ti gan, yóò ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọmọ_Peckham
Mo ń kí gbogbo ilé láti London. Níbí, gáréèjì tó bá mọṣẹ́ á fi ẹ̀rọ èéfín ṣe é: wọ́n á fẹ́ èéfín wọ ojú ọ̀nà atẹ́gùn nígbà tí ẹ́ńjìnì wà ní pípa, ibi tí èéfín bá ti yọ, ọ̀rọ̀ parí. Mo gbọ́ pé àwọn kan ti ní in ní Èkó àti Ìbàdàn, ẹ béèrè.

Tí kò bá sí, fọganáísà lè ṣe é fún yín. Ẹ wá ìdérí páìpù PVC tó bá ẹnu rọ́bà tó wọ tọ́bò mu, ẹ lu ihò sí i, kí fọganáísà fi fáàfù táyà sí i. Ẹ so ó pẹ̀lú kílíìpù, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí ẹ sì bu omi ọṣẹ sí gbogbo ìsopọ̀ bí wọ́n ṣe ń wá ihò táyà. Èyí á yẹ intakúlà, tọ́tù àti mánífóòdù wò lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí tọ́tù iná kì í dé pátápátá tí a bá pa kọ́kọ́rọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: psi 5 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má kọjá 10. Kọ́mpírẹ́sọ̀ fọganáísà lè fẹ́ ju 100 lọ. Ẹ dí rọ́bà tó ń gbé ooru ọ́ìlì padà sí ẹnu tọ́bò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn á wọ inú ẹ́ńjìnì, á sì ti ọ́ìlì síìlì jáde. Tí ẹ bá sì gbọ́ fíìì díẹ̀ láti ẹnu ìdérí ọ́ìlì, ẹ má bẹ̀rù. Fáàfù sìlíńdà kan máa ń ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn díẹ̀ á sì gba ẹ̀gbẹ́ píísítìnì wálẹ̀.

Nípa diverter valve tí Bàbá_Gíà dárúkọ: tí awọ inú rẹ̀ bá ya, atẹ́gùn láti ẹnu tọ́bò á gba inú rọ́bà kékeré rẹ̀ wọ mánífóòdù, sílóò á sì ga. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn yẹn ti kọjá lára airflow, a ti kà á. Fuel trim ò ní ga bí ti +21 yìí. Nítorí náà, diverter valve kọ́ ló fa ti ỌmọMọ́kọlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yẹ kó yọ ọ́ wò. Kó tẹ̀ ẹ́ wọlé, kó fi ìka dí ẹnu kékeré rẹ̀, kó sì dẹ ọwọ́. Tó bá dúró sí ibi tó tẹ̀ ẹ́ sí, ó ṣì dára. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń yọ ọ́, tí ẹ ń fi èyí tó ń tú atẹ́gùn síta rọ́pò nítorí ariwo rẹ̀, ọkọ̀ tó ní airflow ò fẹ́ ẹ. Atẹ́gùn tí bíréènì ti kà lẹ dà sí ìta, epo rẹ̀ sì ti wọlé.

ỌmọMọ́kọlá
Ẹ̀yin àgbà, mo ti rí i! Mo ń fún àwọn rọ́bà pọ̀ bí Bàbá_Gíà ṣe wí. Ti bíréèkì, kò sí ìyàtọ̀. Ti ooru epo, kò sí. Ìgbà tí mo na ọwọ́ sábẹ́ mánífóòdù, rọ́bà olórí mẹ́ta kan wà níbẹ̀ tó ti rọ̀ bẹ̀jẹ̀bẹ̀jẹ̀ nítorí ọ́ìlì. Bí mo ṣe dì í mú, ohùn súfèé dákẹ́, RPM já sí bíi 900. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ya gbọọrọ, ojú ò lè rí i láti òkè, dígí kékeré ni mo fi wò ó.

Wọ́n ní ojúlówó rẹ̀ wọ́n ní ọjà Ladipo. Ṣé mo lè fi rọ́bà omi rádíétọ̀ gé e?

Èkó_Tọ́bò
Rọ́bà hítà dáa, ọ̀pọ̀ ló ń lò ó. Gé e, fi T onírin sí àárín, fi kílíìpù dè é.

ÌyáÌbejì_Ṣágámù
Rárá o. Rọ́bà omi ò mọ ọ́ìlì. Ooru ọ́ìlì gbígbóná ló ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, yóò wú, yóò rọ̀, o ó sì tún padà síbi tó o wà yìí. Lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta rọ́bà ẹ̀rọ, béèrè èyí tó wà fún ọ́ìlì, tí okùn wà nínú rẹ̀ kí ìfà má bàa pa á pọ̀. Ti T onírin yẹn dára.

Fáàfù kékeré tó wà lójú ọ̀nà náà ńkọ́? Yọ ọ́, fi ẹnu fẹ́ ẹ. Apá kan ṣoṣo ni kó gbà. Tó bá gba apá méjèèjì, pààrọ̀ rẹ̀, nítorí búùsìtì á máa gba ibẹ̀ wọ inú ẹ́ńjìnì, á máa ti gééjì ọ́ìlì jáde nínú ihò rẹ̀. Tó o bá ń dá a padà, kí ó gba atẹ́gùn lọ sí mánífóòdù, kó má gbà á bọ̀.

ỌmọMọ́kọlá
Mo fi ẹnu fẹ́ fáàfù náà, apá méjèèjì ló gbà. Mo ti pààrọ̀ òun àti rọ́bà. Súfèé ti lọ, agbára ti padà. Ṣùgbọ́n sílóò dúró sí 1,050, kò wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ_Peckham
Bíréènì ṣì ń rántí ihò àtijọ́ ni. Ẹ wá ẹni tó ní VCDS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń bá bíréènì Volkswagen sọ̀rọ̀. Kó ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnì, kó pa kóòdù rẹ́, kó wọ Basic Settings, group 060, kó jẹ́ kí tọ́tù wọn ara rẹ̀ títí yóò fi kọ ADP OK. Ẹ ó gbọ́ tọ́tù tí ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ẹ má fẹsẹ̀ kan pẹ́dà, kí bátìrì sì kún.

RẹwáyàMushin
Ibí yìí ni fífọ tọ́tù tí Akẹ́kọ̀ọ́Ẹ̀rọ sọ ti wúlò. Kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó ṣe 060, kó lè wọn ara rẹ̀ ní mímọ́. Sẹ́ńsọ̀ airflow ní oògùn ìfọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fún carb cleaner sí i.

ỌmọMọ́kọlá
A ti ṣe é. 820 ló dúró sí báyìí, pẹ̀lú AC ní pípa. Long jẹ́ +6 nígbà sílóò, ó ń wálẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín.

Bàbá_Gíà
Ó ku díẹ̀. Jẹ́ kó rìn fún ọ̀sẹ̀ kan, kó o tún ka long nígbà sílóò. Tó bá bọ́ sí abẹ́ +5, ó ti parí. Tó bá dúró sí +6 tàbí tó tún ń gòkè, fún omi sí ìdí gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù àti rọ́bà ìdí injẹ́tọ̀ (àwọn tó ń fún epo) mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn ni wọ́n jọ dàgbà pẹ̀lú rọ́bà tó ya yẹn. Kó o sì tún kílíìpù tuntun wọ̀nyẹn dè nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù.